Bọ́tìnnì Kejì

"Ẹ bá mi wo nǹkan yìí, bàbá. Ibo lẹ fẹ́ kí n ki ọwọ́ mi gbà?"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, obìnrin tó wọ gíláàsì, na aṣọ tuntun kan sókè níwájú télọ̀. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, tí ó fẹ́ wọ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́bùn. Ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa, ìbàdí rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán ẹnu apá méjèèjì pa pinpin. Ojú rírán náà dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tí òwú ti wọ́. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà mọ iṣẹ́.

Télọ̀ gba aṣọ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ẹni tí ó ni ọwọ́ yẹn. Láti ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: òun a wọn ènìyàn, a gé aṣọ, a fi máṣínnì rán an, ìyàwó rẹ̀ a fi ọwọ́ rán etí rẹ̀, a sì so bọ́tìnnì mọ́ ọn. Bí aṣọ bá ti kúrò lórí itan obìnrin náà, inú àpò oníbàárà ló ń lọ tààrà. Télọ̀ kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìyẹn ì bá dà bí ẹni tí ó ń yẹ àdúrà wò lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àmín sí i. Kódà lẹ́yìn tí dókítà ti dárúkọ Alusáímà fún wọn, tí ó ní díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà yóò máa kó ìrántí obìnrin náà lọ, télọ̀ kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, òun ti gbà fún àìsàn náà nìyẹn.

"Ta ló rán an?" ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bi í. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, kò tíì mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. "Ṣé màmá tó jókòó yẹn ni?"

Ìyàwó télọ̀ wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú ike, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó wí. "Èmi ni mo tì í. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo ní kí òtútù má baà gbabẹ̀ wọlé."

Àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀gá wọn wá wo ara wọn. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Télọ̀ rí èjìká náà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bọ́tìnnì kejì ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lọ́fun.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara wọn ò yá, wọ́n kàn wá sinmi lọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀ ni. N ò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan aṣọ yín."

"Ẹ̀gbọ́n yín ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó yín wá ńkọ́?"

"Ó rìnrìn àjò."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ kọsẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó ń yí já sí i lọ́wọ́, ó sì jù ú sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Ẹtì, àwọn àlejò sì lọ. Nígbà tí télọ̀ yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó tìfura-tìfura, bí ẹni tí ó rí ojú kan lọ́nà tí ó ń wá orúkọ tí yóò fi pè é.

"Àbúrò mi," ó wí, "bá mi bu omi mu."

*

Àwàdà ni télọ̀ kọ́kọ́ pè é. Ẹni tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè fi ojú líle sọ ohun tí yóò pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, tí ó fẹ́ wọ yàrá, obìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na ìrọ̀rí kan sí i.

"Pálọ̀ lo máa sùn. Àbí orí ẹ ò pé ni? Kí ọkọ mi ti àjò dé, kí wọ́n wá bá ọkùnrin lórí bẹ́ẹ̀dì wọn?"

"Èmi ni ọkọ ẹ."

"Ìwọ?" Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Àbí irọ́ lo pa fún un?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni ó kù kí télọ̀ sọ. Ó la ẹnu. Ó rí èjìká olùkọ́ yẹn tí ó ń mì, ó sì rí ara rẹ̀, àgbà ọkùnrin, tí ó sẹ́ aya rẹ̀ nítorí ẹ̀rín ọmọ kékeré. Ó pa ẹnu dé. Ó gba ìrọ̀rí.

Àìsàn tí kì í jẹ́ kí obìnrin náà rántí oúnjẹ àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó di ọ̀rọ̀ yìí mú, kò fi í sílẹ̀. Télọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi nǹkan sínú ibi tí ó ṣófo, ó sì ti bá ibẹ̀ mu. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni obìnrin náà ti ń fi ẹ̀yin pè é, tinútinú, bí ayé tilẹ̀ ti ń yí padà. Nísinsìnyí ìwọ ni, gbà ni, dìde ni. Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó ń pàṣẹ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, bí àgbà obìnrin ti ń ṣe sí àbúrò tí ó tọ́ dàgbà.

Òun náà kò lè ki oríkì rẹ̀ mọ́. Àṣà rẹ̀ ni, bí wọ́n bá ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa pọ́n ọn lé: "Aránmájàá, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gún ọ, òwú kò gbọdọ̀ dán ọ wò, ọwọ́ tó so aṣọ ayé tó so ilé mi ró." Obìnrin náà a dáhùn pé, "Ẹ máa tì í, ẹlẹ́nu dídùn." Gbogbo àdúgbò ló ń pe obìnrin náà ní Aránmájàá nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni àbúrò láti máa kì í báyẹn?

Èyí tí ó burú jù lọ ni àdúrà òwúrọ̀. Obìnrin náà ti gbàgbé ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúnlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a tú.

"Ọba tó dá ni tí kò gbàgbé ẹni," ó wí, "mo fi ọkọ mi lé ọ lọ́wọ́. Ibi yòówù tí wọ́n bá wà lówùúrọ̀ yìí, má jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Bí wọ́n bá ṣìnà, fi ọ̀nà ilé hàn wọ́n. Mú wọn padà wá bá mi, nítorí ilé yìí tóbi jù fún mi."

Ó ṣí ojú kan wò ó.

"Àbúrò, o ò ní ṣàmín ni? Ọkọ mi ò ṣẹ̀ ọ́ kẹ̀."

"Àmín," ni ọkọ rẹ̀ wí.

*

Ọmọ wọn obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yà sílé ní Ọjọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí ó bá ìyá rẹ̀ jókòó tí ó fi wá bá bàbá rẹ̀ ní kíṣìnnì.

"Bàbá mi, ta ló sọ fún màmá pé ẹ rìnrìn àjò?"

Télọ̀ ń fọ ife tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ṣé o ò mọ àìsàn yìí ni? Ó kàn ń sọ ọ́ ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o." Ọmọ náà gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn mọ́ jù. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ fún ìyá kan tó wọ gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá tí kò rántí orúkọ mi lónìí, wọ́n rántí gíláàsì."

Télọ̀ mú ife mìíràn. Ọmọ náà wo àyà ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí òwú kékeré kan ti yọ síta.

"Bọ́tìnnì yín já."

"Mo rí i."

"Ẹ fún mi kí n bá yín so ó."

"Fi sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bí ó ti rò lọ. "Mo ní kí o fi sílẹ̀."

Ọmọ náà fi í sílẹ̀. Irọ́ kejì nìyẹn. Èyí ni irọ́ tí ó pa mọ́ àìsàn, tí kò lè gbèjà ara rẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú sọdá títì. Mẹkáníìkì tó wà ní ìkòríta yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá Télọ̀, tọkọtaya alárinrin, ẹ kú ìrìn o!"

"Àbúrò mi ni o," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́nà."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín àrínkú, ó ní Aránmájàá tún ti gbé tirẹ̀ dé. Télọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti tú apá aṣọ náà. Iṣẹ́ náà le. Ojú rírán wọ̀nyẹn kéré, wọ́n sì mú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya kí òwú tó gbà. Ó tún etí rẹ̀ rán, kò sì dára tó ti ìyàwó rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ náà nígbà tí obìnrin náà pè é láti ibi fèrèsé.

"Àbúrò, ìwọ ò níyàwó ni? Ojú ẹ ò kúkú burú. Etí nìkan ló tóbi."

"Mo níyàwó."

"Ibo ló wà?"

"Kò jìnnà."

"Kí ló wá dé tí o ò mú un wá kí mi?" Ó ju bọ́tìnnì funfun kan sínú ike. "Àbí ojú ẹ̀ ló ń tì ọ́?"

Télọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ìgbà náà ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọlé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wọ yàrá ìpààrọ̀, ó wọ aṣọ náà, ó jáde, ó yí po níwájú dígí. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó bá mi mu, bàbá. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín tó bá ti àjò dé. Ẹ sì kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n."

Ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí. Kò sí ohun tí ó kù ju kí ó sọ pé a dúpẹ́, kí wọ́n sì máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wá bọ́tìnnì kejì, kò bá a níbẹ̀.

"Ẹ dúró díẹ̀, mà," ó wí. "Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ò rìnrìn àjò kankan. Òun ló jókòó yìí. Èmi kì í ṣe àbúrò ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ni mí. Aránmájàá là ń pè é. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wa ló ti ń parí gbogbo aṣọ tí mo bá gé, ẹ ò sì lè rí ẹyọ bọ́tìnnì kan tó já lára iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣàṣìṣe lójú àlejò, mo sẹ́ ẹ. Ojú yín ló tì mí."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún fi í sójú. Olùkọ́ tí èjìká rẹ̀ ń mì níjọ́sí ń wo ilẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre," ni ìyàwó télọ̀ wí. "Àbúrò mi ni. Àwàdà rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe àwàdà," ni télọ̀ wí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rìn lọ síbi fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú obìnrin náà nínú aṣọ tuntun náà. "Ẹ ṣeun, mà," ó wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára." Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ.

Télọ̀ jókòó sídìí máṣínnì rẹ̀. Kò fúyẹ́ bí ó ti rò pé òun yóò fúyẹ́. Ìtìjú náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti rí ibi jókòó ni.

"Súnmọ́ mi," ni obìnrin náà wí.

Ó ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ti ṣa bọ́tìnnì kan nínú ike, ojú rẹ̀ sì wà lára òwú tí ó yọ ní àyà ẹ̀wù ọkùnrin náà. Télọ̀ dìde, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ba.

"Dúró jẹ́jẹ́. Má mí."

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Ọkọ mi náà," ó wí, "èyí kejì yìí ló máa ń já lára wọn. Wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa yí i, bí ojú bá ń tì wọ́n."

"Kí ni wọ́n ṣe tójú fi ń tì wọ́n?"

"Wọn ò sọ fún mi. Bí wọ́n bá dé, màá bi wọ́n."

Ó ta kókó. Ó tẹrí ba, irun funfun rẹ̀ kan àgbọ̀n ọkùnrin náà, ó sì fi eyín já òwú. Ó fa bọ́tìnnì náà wò bí ó ti máa ń ṣe. Kò já.

"Ó ti dé," ni télọ̀ wí. "Bi í."