Ilé Panápaná Namasupe

"Ta ló ní kí ẹ tú u?"

Ìsàlẹ̀ àkàbà ni Tiyamike ti pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí àkàbà ń yí sípánà wọn lọ ní tiwọn, bóòtì ń já bọ́ sínú korobá, odindi ògiri kan sì ti wà nílẹ̀. Nígbà tó pariwo lẹ́ẹ̀kejì, Saiwala, olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà, sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Káńsù ló rán wa. À ń gbé e lọ sí Òkè Kalilombe."

"Òkè Kalilombe? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ tún ń bi mí! Ṣé olówó ò gbọ́dọ̀ ní panápaná ni?"

Àwọn tó wà lókè bú sẹ́rìn-ín. Saiwala kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó mọ obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀. Tiyamike ló ya àwòrán ilé yìí, látorí ìpìlẹ̀ dé orí òrùlé, ó sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn ẹbí rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé panápaná ló fẹ́ fẹ́. Yàrá yàrá ló yà á, tí èèyàn lè fi òmíràn kún un bí àdúgbò bá ń gbilẹ̀. Sípánà kan ṣoṣo ló ń tú gbogbo bóòtì rẹ̀, kí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè tún un ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kì sínú irin ògiri rẹ̀, inú ilé a sì máa tutù lọ́sàn-án gangan láìsí fáànù. Òrùlé ń gbe omi òjò sínú táńkì, oòrùn ló ń tan iná rẹ̀, oòrùn náà ló sì ń fa omi sínú ọkọ̀, nítorí pé ìgbà tó bá wu iná mànàmáná ló ń wá sí Namasupe.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí ńkọ́? Ti Màmá Nasibeko ni. Opó ni, iná sì ti jó ọmọbìnrin rẹ̀ kan mọ́lé rí. Nígbà tí Tiyamike ń wá ibi tí ọkọ̀ lè yà sí láàárín àwọn ilé tó fún mọ́ra bí ẹyin inú àpò yẹn, ìyá yìí ló jáde, tó ní kí wọ́n wó ilé òun. Kò gba owó tambala kan lọ́wọ́ káńsù. Ó ní kí iná má ṣáà jó ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Yàrá kan ló wá háyà lẹ́yìn ilé ọlọ kan.

Ibi tó ti ń dín mandasi oníyẹ̀fun tó ń tà lójú títì ló wà lọ́jọ́ náà, tó ń wò wọ́n.

"Ọmọ mi, wọ́n ń tún un ṣe ni àbí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ rí ọ̀gá wa ná."

"Lọ, jàre. Sọ fún wọn pé mo ṣì wà níbí o."

Ọ̀gá wọn, Bambo Kamtukule, ń mu tíì ní ọ́fíìsì káńsù. Jíìpù tuntun rẹ̀ wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn onílé Òkè Kalilombe ló fi kí i kú iṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

"Tiya, jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Ọ̀gá, kí ló dé tí wọ́n ń tú ilé panápaná?"

"Ta ló ń tú u? À ń ṣí i nípò ni. Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo dìde níwájú gbogbo wa, tó o ní ó ṣeé tú, ó ṣeé gbé? A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe irú gbígbé yìí ni mo sọ."

"Tiya, hòtẹ́ẹ̀lì wà lókè yẹn. Àwọn òyìnbó wà níbẹ̀. Kí ló wà ní Namasupe tó ń jóná? Páànù àti ọ̀rá."

"Èèyàn ni, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Òjò ń bọ̀. Tí o ò bá lọ tò ó, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n tò ló máa tò ó. Ògiri ẹ á mumi, á wó, Òkè ò ní ní in, Namasupe ò ní ní in. Tò ó fún wa. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó kọ́ òmíràn fún àwọn èèyàn ẹ."

Tiyamike jáde, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yìí ni wọ́n jọ wọn ilẹ̀ yẹn o, tí wọ́n jọ jẹ mandasi ìyá yẹn! Kálukú tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Thandeka, tó ń pè ní ọ̀rẹ́, gbé abọ́ nsima rẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́ níta. Tiyamike dá jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sì mọ adùn oúnjẹ lẹ́nu.

Ó lọ tò ó. Irú kí leléyìí? Ó lọ tò ó, ó sì tò ó dáadáa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó sàn kí ilé wà níbì kan ju kó bàjẹ́ pátápátá. Kò sí ibi tí omi lè gbà wọlé. Àwọn panápaná náà bá ọkọ̀ wọn gòkè lọ, wọ́n ń fi káàdì ṣeré nínú yàrá tútù. Láti ìgbà náà, Tiyamike kì í gba Namasupe kọjá mọ́, ọ̀nà jíjìn ló ń gbà relé. Bó bá délé, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa wo àwọn tó ń kọjá, ojú a sì máa tì í bí ẹni pé gbogbo wọn ló mọ̀.

Oṣù Kẹwàá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn gbé ẹ̀yinná kan lọ́sàn-án ní Namasupe, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná fi máa sọ̀ láti òkè, tó máa la àárín àwọn bọ́ọ̀sì kọjá, eérú ló bá. Orí rédíò ni Tiyamike ti gbọ́ ọ.

Ó lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá sàn fún un kí wọ́n bú u. Wọ́n kàn ń yà fún un lọ́nà ni, títí ó fi dé ibi tí ilé panápaná rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ibi tí kò ku nǹkan kan ju ilẹ̀ kọnkéré lọ. Màmá Nasibeko dìde láàárín àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹní.

"Ibí yìí ni àwọn tó kú sá wá," ló wí. Kò sunkún. "Ojú títì ni mo wà, mò ń tajà, mo sì ń pariwo kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ti fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé pé bí iná bá sọ, ilé panápaná ni kí wọ́n sá lọ. Àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní àwọn panápaná mọ ibí, ibí ni wọ́n máa wá. Ni iná bá dínà mọ́ wọn lẹ́yìn."

Tiyamike wo ilẹ̀ kọnkéré náà.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Ibi tẹ́ ẹ gbé e lọ yẹn, ṣé iná ti jó níbẹ̀ rí?"

Irọ́ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Rárá, Màmá."

Ìyá náà mi orí díẹ̀, ó padà lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀. Tiyamike bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró létí ẹní kí wọ́n sún fún òun, bí wọ́n ti máa ń sún fún ẹnikẹ́ni tó bá wá bá wọn sunkún.

Kò sẹ́ni tó sún.