Erin Tí Wọ́n Wọ́ Kúrò Lójúde Stancil

Lọ́jọ́ tí Wilburn Stancil fi katakata wọ́ erin rẹ̀ kúrò lójúde, gbogbo ìlú gbà pé ikú ló ń bọ̀ wá mú un. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ erin náà, wọ́n kùn ún ní pupa àti búlúù, ó sì wúwo débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, omi kànga ìlú kejì ru sókè, ẹja bọ́ síta. Ẹgbẹ́ Erin, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fi erin ṣe àmì, ni Wilburn ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kò ṣe é, nítorí láyé bàbá rẹ̀, Ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni àwọn aláwọ̀ funfun wa ń ṣe. Nígbà tí àwa adúláwọ̀ ráyè wọ ibẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn jáde bí ẹni tó rí ejò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wilburn ṣe alága Ẹgbẹ́ Erin ní ìjọba ìbílẹ̀ Tolliver, ní Jọ́jíà níbí nílẹ̀ Amẹ́ríkà, títí irun fi tán lórí rẹ̀.

Èmi Tyree ni aládùúgbò rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń yan. Èéfín mi dùn débi pé àwọn ajá máa ń sọkún bí mo bá gba ìsinmi. Erin pè mí, mo yan fún wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pè mí, mo yan fún wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í béèrè ẹgbẹ́.

Bí ẹnìkan bá kú láàrin àwọn aláwọ̀ funfun wa, tàbí tó bá ń palẹ̀ mọ́ láti kú, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń tò sínú àwo gígùn, wọ́n á sè é nínú ààrò, wọ́n á lẹ orúkọ ara wọn mọ́ ìdí àwo, wọ́n á wá gbé e lọ sílé olókùú. Bí ìsìnkú bá parí, olókùú á dá àwo kálukú padà.

Lurleen Babcock ló kọ́kọ́ dé, obìnrin tó ń kọrin sókè jù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìrẹsì òun àdìẹ alápòpọ̀ wàràkàṣì ló gbé wá. Kí ó tó kanlẹ̀kùn, ó yà sọ́dọ̀ mi nídìí iná, ó ní kí n má fi pa mọ́ fún òun, kí ló ń ṣe Wilburn. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ọkùnrin náà ò rí oorun sùn, ó ń mí kanlẹ̀, ó sì ti ń dá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. N ò dárúkọ ikú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwo oúnjẹ ti kún ilé Wilburn débi pé orí òrùlé ni ológbò rẹ̀ ń sùn.

Wilburn ní kí n wá bá òun jẹ ẹ́. Mo bá a jẹ ẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. Mo ní ìfẹ́ ni.

Ohun tó ṣe é gan-an nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà fún wa láti dìbò, ṣọ́ọ̀ṣì wa, Òkè Nébò, la ti ń dì í. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ìdìbò kó àpótí kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́ ọdẹ ní ìkọjá odò. Wilburn wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ibẹ̀ jìnnà débi pé bí ẹyẹ bá ń lọ, ó máa ń di oúnjẹ dání. Wọ́n ní ibi tí a ń gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fẹ̀ tó. Wilburn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bí o bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, á ṣàlàyé ààyè mọ́tò fún ọ títí etí rẹ á fi fẹ́ já bọ́. Á ní, ‘Tyree, ṣebí èmi àti ẹ la jọ ń pẹja.’ Lóòótọ́, a jọ ń pẹja.

Ìgbà tó di àsè ẹlẹ́dẹ̀ tí Ẹgbẹ́ Erin máa ń jẹ kí ìbò tó dé, Dabney Crull dìde láti yin Wilburn. Crull ni alága tuntun, eyín rẹ̀ sì funfun débi pé bó bá rẹ́rìn-ín lálẹ́, àkùkọ á kọ. Ó ní àgbà òṣèlú ni Wilburn. Ó ní ọ̀rọ̀ ààyè mọ́tò yẹn gé ìbò àwọn adúláwọ̀ Òkè Nébò sí ìdajì, kò sì sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wilburn náà rẹ́rìn-ín, bó ṣe mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ìhà ló fẹ́ àbí itan. Mo gé ìhà fún un. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló wọ́ erin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwo oúnjẹ ṣì kún ilẹ̀, Màmá Odessa dé. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun sì ni àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà tí àpótí ti kọjá odò, kò dìbò mọ́. Kò wa mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun kọjá ṣọ́ọ̀ṣì òun lọ wá ìbò kiri. Kò gbé oúnjẹ kankan dání. Ó jókòó.

‘Wọ́n ní o ń kú lọ.’

‘Rárá o, mà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?’

Màmá Odessa wò mí. Mo ń jẹun.

‘Ó dáa. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yín máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà Ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn á ní kí wọ́n dá àpótí padà, Crull á ní rárá. Ìwọ ńkọ́?’

Ojú Wilburn dán. Ó ní òun á ní kí wọ́n dá a padà. Ó ní òun á sọ fún wọn pé òun lọ wọn ibẹ̀ fúnra òun, ààyè mọ́tò ti wá tó báyìí.

‘Ṣé ilẹ̀ ọ̀hún fẹ̀ sí i ni?’

‘Rárá, mà.’

‘Bó o bá ní ó ti tó báyìí, bí mo bá kú tán, wọ́n á ní kò tó mọ́. Irọ́ lẹ fi tìlẹ̀kùn, o tún fẹ́ fi irọ́ ṣí i. Sọ ohun tó jẹ́.’

Wilburn wo ilẹ̀. ‘Màmá, bí mo bá sọ ọ́, n ò ní lọ́rẹ̀ẹ́ kan mọ́ nílùú yìí.’

Màmá Odessa wo àwọn àwo náà yíká. ‘Oúnjẹ ṣáà wà nílẹ̀,’ ó wí, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èrò kún yàrá ìpàdé. Lurleen ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n rọra ṣe, ìpàdé ìkẹyìn ọkùnrin náà nìyẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣojú Ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ní kí àpótí padà. Crull ní rárá, ó mẹ́nu ba ààyè mọ́tò. Ó wá ku Wilburn. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú. Ó ní ní ti ọ̀rọ̀ ààyè mọ́tò yìí, òun ti lọ wọ̀n ọ́n. Ó wá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo hu irùngbọ̀n. Màmá Odessa kò wò ó. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

‘Ààyè mọ́tò tó,’ ni Wilburn wí. ‘Ó tó nígbà yẹn náà. Torí pé adúláwọ̀ ni wọ́n la ṣe kó àpótí kúrò. Mo pa irọ́ yẹn fún wọn, mo pa á fún ara mi títí mo fi gbà á gbọ́. Kí àpótí padà.’

Crull rọra ní, ‘Bàbá, ara yín ò yá.’

‘Ara mi le.’

‘Oògùn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn,’ Lurleen sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

‘N ò lo oògùn kankan, Lurleen. Àdìẹ ẹ dùn.’

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n wá kó àwo wọn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n ò rí ẹni tó wá gba àwo lọ́wọ́ olókùú rí. Wọ́n wá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń kí i káàárọ̀, wọ́n ń yẹ ìdí àwo wò, wọ́n ń gbé tiwọn lọ. Lurleen gbé tirẹ̀ tòun ti àdìẹ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, èyí tí mo ti fojú sí fún ọ̀sán. Wilburn ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tábìlì ṣófo.

‘Tyree,’ ó ní, ‘ó jọ pé mo ti wá kú báyìí.’

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní òun á jẹ ẹ́.

Erin ńkọ́? Èmi ni mo lọ gbé e níbi tí Wilburn wọ́ ọ jù sí. Mo fi ọkọ̀ akẹ́rù mi wọ́ ọ lọ sí Òkè Nébò, mo gbé e kalẹ̀ sáàrin ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ó gba ààyè mọ́tò méjì. Lọ́jọ́ ìbò, gbogbo ẹni tó gbé mọ́tò wá ló rí ibi gbé e sí, ààyè tún ṣẹ́kù tí agbo màlúù lè fi jó. Àmọ́ òfin ò gba àmì ẹgbẹ́ kankan nítòsí àpótí ìbò, Màmá Odessa sì mọ òfin. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò ní wọlé àfi bí wọ́n bá bo erin yẹn.

Wilburn sáré lọ sílé, ó gbé aṣọ ibùsùn funfun kan wá, ó ti fẹ́ ta á bo erin lórí. Bàbá bàbá rẹ̀ náà ní aṣọ funfun kan láyé ọjọ́un, tó lu ihò méjì sí fún ojú. Kì í fi í sùn, alẹ́ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wọ irú rẹ̀ wá fìyà jẹ àwọn baba wa.

‘Wilburn,’ ni Màmá Odessa wí.

‘Mà?’

‘Ṣé kò sí aláwọ̀ míì nílé ni?’

Wilburn wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a, ó tún un ká, ó padà sílé, ó mú aṣọ tábìlì olódòdó dé. Màmá Odessa bá a fa etí kan rẹ̀ kó gún. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ dìbò, Wilburn sì tò sẹ́yìn rẹ̀.