Orin Tó Dí Ojú Ọ̀run

Ẹ bá mi yọ̀ o! Èmi tí n kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé mi, ohùn mi ti dé ojú ọ̀run. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí síbi iṣẹ́ télọ̀, ṣùgbọ́n orin kì í tán lẹ́nu mi.

Doyinsọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló fà á. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ni ti àwọn tó ń jókòó sínú ilé gogoro ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń sọ fún ọkọ̀ pé ìwọ sọ̀kalẹ̀, ìwọ dúró ná, ìwọ yà sọ́tùn-ún. Mo bi í nígbà kan pé, "Ṣé ìwọ ni yó máa wà á ni?"

"Rárá o, Màmá. Èmi ni n ó máa bá àwọn tó ń wà á wí."

"Ìyẹn bá ẹ mu. Láti kékeré lo ti ń bá àgbà wí."

Wọ́n ti ilé-ìwé wọn nítorí àtúnṣe, wọ́n ní kí kálukú máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ulé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá bá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Yàrá mi tó kọjú sí òkè Olósùnta nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Bó bá dé pálọ̀, á máa já bí òwú tó ti gbó. Kò sì sí tábìlì kankan nínú yàrá náà ju ti maṣíìnì mi lọ. Doyin dojú maṣíìnì dé sínú tábìlì rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e lórí. Ibi tí mo ti ń rán bùbá fún ará Ìkẹ́rẹ́ wá di ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí!

Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ tí kò sí rárá. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Fọlárìn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á jókòó sí Ìbàdàn, á ní òun ni awakọ̀. Ìyanu á jókòó sí Òmùò, á ní òun náà ń bọ̀ lókè. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, á máa gbọ́ gbogbo wọn láti Èkó. Ohùn wọn á máa jáde nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Gbogbo wọn wà nílẹ̀, ojú ọ̀run sì kún fọ́fọ́.

"Màmá," Doyin ṣàlàyé fún mi, "bí ẹnì kan bá tẹ ohun tó fi ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ò lè ráyè sọ o. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà."

"Bí afárá onígi. Ẹnì kan ń kọjá, ẹnì kejì dúró."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Ìdánwò dé. Ọmọ yìí ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó wábi gbà. Iyán tí mo gún fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ló ń fọwọ́ yí i kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó tì í.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ o, Màmá."

"N ò ní mí gan-an."

"Ẹ ò sì gbọdọ̀ kọrin."

"Ìyẹn le o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Mo gbé àpótí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo mú bùbá kan tó kù kí n ṣẹ́ etí rẹ̀, mo ń fọwọ́ rán an. Nǹkan méjì ni Doyin ní tó lè fi sọ̀rọ̀: bọ́tìnì tó ń fọwọ́ tẹ̀, àti ohun pẹlẹbẹ kan nílẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ti ọwọ́ ló fẹ́ràn. Ló bá fẹsẹ̀ ti èyí tó wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni.

Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó gbèjà mi. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì láti ìgbà omidan, bí abẹ́rẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Doyin tí kò lè jẹun láàárọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Èyí sọ̀kalẹ̀, èyí dúró. Orin ti dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Àfi bí Fọlárìn ṣe ké láti inú kọ̀ǹpútà pé fáyà! Ẹ́ńjìnnì òun ti gbiná! Mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ò sí, àmọ́ mo gbàgbé pé kò sí. Mo rí ìyá arúgbó bíi tèmi nínú rẹ̀, mo rí ọmọ ọwọ́. Nílé tí wọ́n bí mi sí, bí ewu bá dé bá ẹni tó wà lọ́nà, orin la fi ń pè é wálé. Ó bọ́ lẹ́nu mi:

*Ẹni ó lọ á bọ̀ o,*
*Ẹni ó lọ á bọ̀.*
*Ẹsẹ̀ ó jáde nínú ulé,*
*Ulé náà ni yó bọ̀ sí.*

Ẹsẹ̀ mi bá orin lọ. Ó rí nǹkan pẹlẹbẹ nílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin, bí ìgbà tí mo bá ń rán ojú aṣọ tó gùn.

Yé! Ojú ọ̀run dí pa! Doyin pe Fọlárìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pe Ìyanu, kẹ́kẹ́ pa. Orin mi nìkan ló gba afárá, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Èkó. Ọmọ náà wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó wolẹ̀.

"Màmá! Ẹsẹ̀ yín!"

"Kí ni ẹsẹ̀ mi ṣe?"

"Ẹ gbé e!"

Mo gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí yí, mo bá ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bùbá lórí mi.

Ni àwọn awakọ̀ inú kọ̀ǹpútà bá jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo gba yàrá. Mo rò pé Doyin á sunkún. Kò sun ún. Ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó padà túmọ̀ fún mi: "Gbogbo ọkọ̀ yòókù, ẹ dákẹ́. Ọkọ̀ tó ń jó, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́." Ariwo rọlẹ̀. Fọlárìn sọ ibi tó wà. Doyin ní kí Ìyanu gòkè sí i, kó yàgò. Ó ní kí Fọlárìn máa bọ̀ tààrà. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń fi eyín di etí bùbá mú kí n má baà kọrin. Nígbà tó yá, Fọlárìn ní òun ti balẹ̀, gbogbo èrò sì ti jáde láàyè.

Mo ní mo gbé, mo ti ba uṣẹ́ ọmọ yìí jẹ́.

"Ta ló kọrin?" Ọ̀gbẹ́ni Ládélé béèrè láti Èkó.

"Ìyá mi àgbà ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́, ọ̀gá mi. N ò sì tẹ nǹkan kan mọ́ o!"

Ẹ̀rín Fọlárìn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti Ìbàdàn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run gidi, kí bọ́tìnì awakọ̀ kan há, kó dí ọ̀nà ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo èèyàn. "Ẹnu lásán la fi ń kọ́ wọn ní ìyẹn, Màmá. Ọmọ yín ti dáhùn ìbéèrè tí n ò tíì bi í. Ó yege."

Doyin pariwo, ó fò mọ́ mi nílẹ̀ níbi tí mo wà! Tinúkẹ́, aládùúgbò mi, sáré wọlé, ó rò pé ẹnì kan ti kú. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Màmá Télọ̀, ẹ ti wọ bàálù láìra tíkẹ́ẹ̀tì!"

Ọ̀gá ò tíì lọ. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un kọ, òun fẹ́ gbà á sílẹ̀. Òun á máa fi dí ojú ọ̀run fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ó ṣe là á. Doyin fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan pẹlẹbẹ náà wá síwájú mi.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa o, Màmá."

Mo tẹ̀ ẹ́. Èkó dákẹ́, Ìbàdàn dákẹ́, Òmùò dákẹ́.

*Ọkọ̀ ó gbéra á bọ̀ o,*
*Ọkọ̀ ó gbéra á bọ̀.*
*Ẹyẹ ó fò lórí òkè,*
*Ilẹ̀ náà ni yó bà lé.*