Lọ́rì Bàbá Lábẹ́ Agbádá

Bí Mátírọ́ọ̀nù Tinúọlá Ògúnbọ̀dé bá yọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ ẹ̀pà á gbé e mì tèèpo-tèèpo. Ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹja. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé bó bá délé, yàrá ìkẹ́rù ló ń kọ́kọ́ wọ̀ lọ, tí á gbé awò sójú, tí á yọ ahọ́n síta bí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ a-b-d, tí á sì máa fi ẹ̀mú tín-ín-rín lẹ táyà mọ́ ọkọ̀ tí kò gùn ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ.

Hàlímàt ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ló kó o sí i. Hàlímàt ra páálí ọkọ̀ òfúrufú àtòpọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tàn án, ó sì padà sídìí fóònù. Ni Hàlímàt bá gbé e fún Tinúọlá. Nígbà tí Tinúọlá ṣí páálí náà, ó rí i pé gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà so mọ́ ọ̀pá ike bí ọsàn ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ìwé ìtọ́nà sì ń sọ èyí tó kàn. Ó gé àkọ́kọ́, ó fi sánpépà ra ẹnu rẹ̀, ó kan gọ́ọ̀mù bíńtín sí i, ó sé èémí, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún kò! Ó wọlé. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di mátírọ́ọ̀nù lọ.

Láti ìgbà náà ló ti ń to ọkọ̀: ojú omi, ojú irin, katakata. Èyí tó wá fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ ni lọ́rì àtijọ́ kan. Páálí méjì ló rà nínú rẹ̀, nítorí bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Igi ìṣáná ló fi kan ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè jọ lọ́rì onípákó tí bàbá ọkọ rẹ̀, Olóògbé Ògúnbọ̀dé, fi ń kó kòkó láti Ìdógùn wá sí Ọ̀wọ̀ láyé ọjọ́un. Fọ́tò lọ́rì náà wà lára ògiri pálọ̀, àmọ́ ikán ti jẹ òkè rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí bàbá kọ sí pátákó iwájú orí ọkọ̀. Tinúọlá fi pátákó tirẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

Adékọ́lá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn ọkọ̀ títò yìí rárá. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ nǹkan kan kún èyí tó mọ̀ bọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó, tí á máa bú agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ìdakejì òkun, tí kò gbọ́ ọ. Ìyẹn kì í ṣe eré ọmọdé o. Ti ìyàwó rẹ̀ ni eré ọmọdé. Ó pe ilé ní Ìdógùn, ó ní kí wọ́n wá gba òun.

Wọ́n wá. Bọ̀dá Boniface, dáwódù ilé, alábẹ̀wò ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣíwájú nínú agbádá tó lè bo àwọn mẹ́ta. Anti Theresa, ẹ̀gbọ́n Adékọ́lá, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tẹ̀ lé e. Iyán ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ìgbà tí ẹran tán ní àwo ni wọ́n tó rántí pé ẹjọ́ ló gbé àwọn wá.

“Ìyàwó wa,” Boniface ń ta eyín, “wọ́n ní o ń bá ike ṣeré.”

“Mò ń tò ó ni, Bọ̀dá,” Tinúọlá fèsì lórí ìkúnlẹ̀.

“Tọ́ì ọmọdé!” Theresa pàtẹ́wọ́. “Ìyá àgbà tó ń lo awò! Lọ kó wọn wá ká rí ohun tó ń ba ilé wa jẹ́.”

Tinúọlá kó wọn wá. Bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe yọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ti ojú omi àti ti ojú irin yọ, Boniface rẹ́rìn-ín títí ó fi di eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì jáde.

Ẹ̀rín dá.

“Mọ́tò Bàbá rèé,” Theresa wí. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn iwájú. “Ibí gan-an ni Màámi máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.”

“Màámi wo?” Boniface dìde. “Màmá tèmi ni ìyálé. Òun ló ń jókòó níwájú. Orí àpò kòkó ni màmá tìrẹ ń gùn.”

“Orí kòkó? Èmi Theresa, ọmọ orí kòkó? Ṣebí Bàbá kọ ọ́ síwájú mọ́tò gàdàgbà: ÌKẸYÌN LÓ DÙN!”

“Irọ́! ÌYÁLÉ NI ADÉ ORÍ ló kọ síbẹ̀.”

Adékọ́lá, tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀ nígbà tí wọ́n ta lọ́rì náà fún àwọn alágbẹ̀dẹ, ní òun rántí dáadáa pé ìkẹyìn ló dùn. Ariwo sọ. Wọ́n bú ìyá ara wọn, wọ́n sì tún rántí pé òkú ni àwọn ìyá náà, wọ́n ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, wọ́n tún bú wọn. Nígbà tó yá, Boniface gbé ọwọ́ sókè, ó dájọ́: kí ìyàwó jáwọ́ nínú eré ìtìjú yìí lónìí, àmọ́ lọ́rì ti di dúkìá ẹbí, ọwọ́ dáwódù ló gbọ́dọ̀ wà.

“Bọ̀dá mi,” Tinúọlá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “báwo ni ohun ìtìjú ṣe wá di ogún?”

Ó kó àwo lọ sí ilé ìdáná.

Nígbà tó padà dé, Boniface ní ọjọ́ ti lọ, kí àwọn máa lọ. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ń run yín ni?” Theresa bi í.

Tinúọlá wo orí tábìlì. Ọkọ̀ òfúrufú wà níbẹ̀, ti ojú omi àti ti ojú irin wà níbẹ̀. Ojú ẹja bá padà dé.

“Bọ̀dá, ẹ dúró. Inú yín wú. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Kò sóhun tó ń ṣe mí!”

“Gbogbo aláìsàn ló ń wí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ mí kanlẹ̀.”

Ó fọwọ́ tẹ ikùn náà. Ohun kan ṣẹ́ nínú agbádá, pẹ́kẹ́. Táyà kékeré kan já bọ́, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró síwájú ẹsẹ̀ Theresa.

“Ẹ gbà mí o!” Theresa figbe ta. “Dáwódù jalè!”

Adékọ́lá gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀. Boniface fa lọ́rì náà yọ, ó sì jókòó gbì sórí àga.

“Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárìn rẹ̀ rí,” ó wí. Ìka rẹ̀ ti wọ ojú fèrèsé ọkọ̀ náà. “Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọwọ́ mi dọ̀tí.”

Àánú rẹ̀ ṣe Tinúọlá. Àmọ́ bó ṣe rí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ṣẹ́, àánú náà gbẹ. Ó gba lọ́rì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá ìkẹ́rù, ó gbé páálí kejì jáde.

“Ẹ gbà, Bọ̀dá. Sítíárìn wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín lẹ̀ ẹ́.”

Boniface fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní tọ́ì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Ìdógùn. “Ìyàwó wa, èyí tó kàn kò wọlé.” “Ẹ yí i padà, sà.” “Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn.” Lọ́jọ́ kan, awò ojú Boniface ló lẹ̀ mọ́ tábìlì. Lọ́jọ́ mìíràn, àtàǹpàkò rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, tó fi ń bọ àlejò lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ já wọn léèékánná.

Nígbà tó parí, ó ní kí Tinúọlá wá wò ó. Lọ́rì náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Táyà mẹ́ta kanlẹ̀, ìkẹrin gbé sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Ipa gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ bí ibi tí ìgbín gbà kọjá. ÌYÁLÉ NI ADÉ ló gba pátákó iwájú tán. ORÍ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ó dáa àbí kò dáa?” Boniface béèrè. Gbogbo ara rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

“Kò dáa, Bọ̀dá.”

“Mo mọ̀,” ó wí, ó tún fọwọ́ nu eruku tí kò sí lára rẹ̀. Ó sún mọ́ Tinúọlá, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. “Ti ojú irin yẹn ńkọ́? Ṣé ó le ju èyí lọ?”

“Ó le jù ú lọ fíìfíì, sà.”

“Bá mi gbé e wá. Má sọ fún Theresa.”