Oògùn Inú Àpò Akọni

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìtàn inú géèmù orí kọ̀ǹpútà. Nínú èyí tí à ń parí lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ̀run pa, kí àwọn òkú má baà ya wọ ìlú. Ìlú là. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akọni wa, gbé òkú rẹ̀ wálé.

Alárìíwísí, bí a ṣe ń pe ọmọkùnrin tó ń gbá géèmù wa wò kó tó jáde, já wọ ọ́fíìsì mi.

“Àǹtí, akọni gba oògùn ajíǹde lọ́wọ́ àjẹ́ orí òkè. Ó ṣì wà nínú àpò rẹ̀! Kí ló dé tí kò dà á sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o.”

Orí mi gbóná. “Jẹ́ ká kọ ọ́ pé oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ti lọ sílé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin náà! Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Ṣé wọn ò lè fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni?”

Kò mọ̀ pé bí àbúrò tèmi ṣe kú nílé ìwòsàn ni mo sọ. N kò bá a jà. Mo yọ oògùn náà kúrò nínú géèmù. Ó gbá a wò, ó ní ó ti wá bọ́gbọ́n mu wàyí.

Nígbà tí mo délé, màmá mi wà lórí àga rẹ̀. Ó tún bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi mí:

“Ṣé wọn ò lè fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni?”