Kí A Lè Mọ Èyí Tó Ṣiṣẹ́

“Ìyàwó, gbé ọsàn yẹn kúrò níwájú rẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Rẹ̀mí kò gbé e. Ó tún bẹ ọ̀kan sí i, ó gé e sí méjì, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìbẹ́pẹ tí ọkọ rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn láti àárọ̀.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ kan la jọ fẹnu kò sí fún èso. Ó di ọjọ́ Àìkú kó tó kàn yín.”

“Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ṣé egungun rẹ̀ lo fẹ́ kó lé mi lọ́wọ́?”

Àǹtí Yínká, ẹ̀gbọ́n Akínbíyì, gbé ike fítámì C rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín tábìlì. Láti Akobo ló ti ń wá sílé wọn ní Bódìjà lójoojúmọ́, láti wá wo ojú àbúrò rẹ̀ àti ọwọ́ ìyàwó. Oògùn afúnnilókun lóríṣiríṣi ló ń tà, ó sì gbà tọkàntọkàn pé hóró kan nínú ike òun ju apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan lọ. Rẹ̀mí ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Agbowó ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ. Lójú tirẹ̀, ohun tí Ọlọ́run fi sínú ọsàn, agbálùmọ̀ àti tàtàṣé kò ṣeé dì sínú ike. Kí ẹni méjì tó mọ̀ tó báyìí wá máa tọ́jú aláìsàn kan ṣoṣo, Ọlọ́run ló ń yọni.

Akínbíyì jókòó sáàárín wọn, ó gbé orí lé ọwọ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà àgbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́dún tó kọjá, ó sì fún un ní oògùn, hóró funfun kékeré kan tí yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “títí ọjọ́ ayé” yìí ló já Rẹ̀mí láyà. Ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún.

Àǹtí Yínká ló kà á lórí fóònù pé fítámì C ni oúnjẹ ohun orí kíndìnrín yẹn. Rẹ̀mí náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà wọn kò ju ibi tí fítámì náà yóò ti wá lọ. Nígbà tí àríyànjiyàn kò tán, wọ́n ní kí àwọn dán an wò: ọ̀sẹ̀ kan fún èso, ọ̀sẹ̀ kan fún ike. Kí wọ́n sì lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́, kí oògùn ilé ìwòsàn má baà gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n ní kí Akínbíyì fi hóró funfun yẹn sílẹ̀ ná. Láti ìgbà tí Rẹ̀mí ti wọlé ọkọ, ohun kan ṣoṣo tí òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tíì fẹnu kò lé lórí láìjà nìyẹn. Akínbíyì tí kì í fẹ́ wàhálà ní kò burú. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

“Wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe dúdú,” ni Àǹtí Yínká wí. “O ní iyọ̀ ló ń lá nílé ìdáná lánàá. Ṣé bí ọsàn ṣe ń jẹ́ nìyẹn?”

“Ìdọ̀tí ni ara ń tì jáde, Àǹtí.”

Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ̀rù ti ń bà á láti àná. Ohun tó dí i lẹ́nu ni pé bó bá gbà pé ọsàn kò ṣiṣẹ́, Àǹtí Yínká ló borí.

“Rẹ̀mí,” ni Akínbíyì wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “inú ń run mí.”

Ó gbìyànjú láti dìde. Ó bì sórí tábìlì, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, ara rẹ̀ tutù, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Àǹtí Yínká ló wa ọkọ̀. Rẹ̀mí gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan lẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já àlùbọ́sà ti dí ọ̀nà níwájú ọjà, Àǹtí Yínká sì ń fọn fèrè lé e lórí láìdáwọ́ dúró.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ó wí láìwẹ̀yìn. “Bí wọ́n bá béèrè, ibà ni. Má dárúkọ oògùn kankan.”

“Kí ló dé, Àǹtí?”

“Ta ló kó oògùn náà pamọ́, èmi àbí ìwọ? Bí Màmá bá gbọ́ pé ìyàwó ló gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ wọn, o rò pé o tún máa gbé ilé yẹn? Nítorí tìrẹ ni mo fi ń sọ ọ́.”

Nítorí ara rẹ̀ náà ni, Rẹ̀mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò tún ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí àbúrò rẹ̀ dákú báyìí? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọwọ́ Rẹ̀mí ló kó hóró yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni wọ́n yà sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ Akínbíyì rí. Dókítà Ayẹni, obìnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ Rẹ̀mí lọ, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Akínbíyì, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣé àìsàn kan wà lára wọn tẹ́lẹ̀?”

“Rárá o, dókítà,” ni Àǹtí Yínká wí. “Ibà ni. Iṣẹ́ ló ti pọ̀ jù fún un.”

“Ṣé oògùn kan wà tí wọ́n ń lò?”

“Kò lo nǹkan kan.”

Dókítà ní kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lápá rẹ̀, kò rí i. Rẹ̀mí wo ètè ọkọ rẹ̀ tó ti gbẹ. Ó la ẹnu, Àǹtí Yínká sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ Rẹ̀mí, a kì í já ẹ̀gbọ́n ọkọ nírọ́ lójú àlejò.

“Dókítà, irọ́ ni,” ni Rẹ̀mí wí. “Ohun orí kíndìnrín wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọn ò ti lò ó mọ́. Èmi ni mo kó o pamọ́.”

“Kí ni orúkọ oògùn náà?”

Rẹ̀mí dárúkọ rẹ̀. Dókítà kò bá a wí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó pe orúkọ abẹ́rẹ́ kan, nọ́ọ̀sì sì sáré jáde.

Wọ́n ní kí àwọn obìnrin méjèèjì dúró síta. Àǹtí Yínká rìn lọ sí ìdí fèrèsé, ó gbé fóònù sétí. “Màmá, ẹ má kígbe. Ìyàwó ló gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ o.” Rẹ̀mí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò dìde. Kí wọ́n lé òun bó bá wù wọ́n. Kí Akínbíyì ṣáà wà láàyè kó máa wo òun bí òun ṣe ń lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Akínbíyì lajú, ó sì béèrè ibi tí òun wà. Dókítà Ayẹni pe àwọn méjèèjì wọlé, Rẹ̀mí sì ròyìn ọ̀rọ̀ ọsàn àti ike fún un.

“Kò sóhun tó burú nínú ọsàn,” ó wí. “Kò sóhun tó burú nínú fítámì inú ike náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa lè máà nílò rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n hóró tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn ló ń fún wọn ní ohun tí ara wọn kò lè ṣe fúnra rẹ̀ mọ́. Kò sí fítámì tó lè rọ́pò rẹ̀, ìbáà ṣe látorí igi, ìbáà ṣe láti inú ike. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí.”

Àǹtí Yínká wo ilẹ̀. Rẹ̀mí sunkún, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá Akínbíyì sílẹ̀, Dókítà Ayẹni mú oògùn tuntun wá síbi ibùsùn. Ó ní kó lo ti àárọ̀ yẹn kó tó kúrò, kó má sì dá a dúró láé láìsọ fún dókítà.

“Ta ni kí n kó o lé lọ́wọ́?”

Àwọn obìnrin méjèèjì nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lókè orí Akínbíyì. Rẹ̀mí wo ọwọ́ méjèèjì, ìtìjú sì bò ó. Ó fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

“Àwọn fúnra wọn ni kí ẹ kó o fún, dókítà. Ara wọn ni.”

Akínbíyì gba oògùn náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n fi í sílẹ̀,” ó wí. “Èmi náà kò sì kọ̀.” Ó tẹ hóró kan jáde sí àtẹ́lẹwọ́. “Mo fẹ́ omi.”

Rẹ̀mí fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Àǹtí Yínká ti sọ ọwọ́ tó nà kalẹ̀. Òun ló jáde lọ bu omi wá.