Ìborùn Mutmainah Nínú Gìtá Mi

Ọdún kẹsàn-án rèé tí gìtá yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ihò méjì lójú, ohùn rẹ̀ sì dùn. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: tí mo bá ti gbé ohùn sípíkà sókè ní ọtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣeré n'Ìkòròdú, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Mutmainah, ìyàwó mi, ló bọ́ ìborùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kì í bọ ọ̀kan nínú ihò náà.

Ó ní, "Jẹ́ n pa á lẹ́nu mọ́."

Nígbà tó kú l'Ẹ̀pẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì fi gbogbo aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà. Mi ò bá wọn jà. Wọn ò ṣáà mọ ti inú gìtá. Tí àárò rẹ̀ bá sọ mí, màá fi imú sí ihò yẹn, màá gbóòórùn rẹ̀.

Òjò ọdún yìí ló jẹ́ kí ọrùn gìtá tẹ̀. Mo gbé e fún Súbérù, tó ń tún gìtá ṣe n'Ìgbògbò. Ìgbà tí mo padà lọ gbà á, ó ń fi aṣọ kan nu òróró ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àkísà yìí ni mo fà yọ nínú ẹ̀. Òun ló ń fa ọ̀rinrin."

Àkísà! Ọlọ́run ló yọ ọ́, ǹ bá fi gìtá náà fọ́ ọ lórí. Mo já ìborùn náà gbà, mo fi imú sí i: òróró nìkan ló ń rùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé ohùn sókè pátápátá ní ọtẹ́ẹ̀lì. Gìtá figbe ta. Àwọn èèyàn di etí wọn. Máníjà sáré wá, ó ní kí n pa á lẹ́nu mọ́.

Mo ní, "Kí ni kí n fi pa á?"